Fóònù tàbí kámẹ́rà, máìkì wo, áàpù wo? Ìfiwéra irinṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe fíìmù

Ní ẹ̀ka eré oníṣe àti ẹ̀ka ìròyìn ní àwọn yunifásítì àti pólì wa, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń kàn pé kí wọ́n ṣe fíìmù kékeré kan kí wọ́n tó jáde. Wọn a kó ara wọn jọ ní márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọn a dá owó, àríyànjiyàn a sì bẹ̀rẹ̀: kámẹ́rà wo la máa lò? Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó dá mi lójú ni pé owó tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá dá, ohùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ ná an lé, kí ìmọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, kí kámẹ́rà gbẹ̀yìn. Orí èyí ni gbogbo ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀ ṣì lè mú ohun tó wúlò fún un níbẹ̀, nítorí mo sọ ibi tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti dára àti ibi tó kù sí.

Fíìmù tí mo ní lọ́kàn kò gùn ju ìṣẹ́jú 8 sí 12 lọ. Òṣèré mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìran kan nínú ilé, òmíràn níta, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì lè máa hàn nísàlẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ èdè.

Fóònù àti kámẹ́rà

Ní 2015, Sean Baker gbé fíìmù kan tó fi iPhone 5s yà lọ sí àjọ̀dún Sundance ní Amẹ́ríkà. Ní 2018, Steven Soderbergh náà fi iPhone 7 Plus ya tirẹ̀, ó sì wọ ilé sinimá. Nílé níbí, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kàdúná tí wọ́n ń jẹ́ The Critics Company fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ṣe fíìmù àròsọ nípa ọjọ́ iwájú, òkìkí wọn sì kàn ní 2019. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ pé ohun tí a fi fóònù yà kì í ṣe fíìmù. Ohun tí àwọn tó ń tọ́ka sí ìtàn Baker máa ń gbójú fò ni pé kò fi fóònù gba ohùn. Máìkì gidi ni wọ́n lò níbẹ̀. Ó tún so lẹ́ńsì àfikún mọ́ ojú fóònù náà, ó sì lo áàpù tó jẹ́ kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ darí ìmọ́lẹ̀ àti fókọ́sì, ìyẹn ibi tí àwòrán ti mọ́ kedere.

Ibi tí fóònù ti ta kámẹ́rà yọ ni àárín èrò. Ẹ gbé kámẹ́rà ńlá wọ ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn tàbí Òṣòdì ní Èkó, ẹ ó rí i pé gbogbo ojú ló máa yí sí yín. Ọmọdé á máa juwọ́ sí lẹ́ńsì, àwọn ọmọ àdúgbò á dé pé ta ló fún yín láṣẹ, òṣèré yín kò sì ní lè ṣe bí ẹni tó kàn wá ra ata. Fóònù kò fa irú rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò ní in lọ́wọ́. Nínú dánfó tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá tí àyè ti há, fóònù nìkan ló lè wọlé tí ẹ ó tún rí ààyè jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ bá hàn kedere nínú àwòrán yín, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àléébù fóònù pọ̀ díẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n. Ojú tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ kéré gan-an, nítorí náà bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ṣákiṣàki. Èyí tó burú jù ni pé fóònù máa ń fúnra rẹ̀ pinnu. Òṣèré á kọjá níwájú fèrèsé, àwòrán á mọ́lẹ̀ wàá, á tún ṣókùnkùn. Ó rìn díẹ̀, fókọ́sì á máa wá a kiri. Ohun tó ń tú àṣírí fíìmù fóònù nìyẹn, kì í ṣe pé àwòrán rẹ̀ kò dára. Àtúnṣe rẹ̀ ni áàpù tó ń jẹ́ kí ẹ di nǹkan mú sójú kan. Blackmagic Camera wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó dé sórí iPhone ní 2023 àti sórí àwọn fóònù Android kan ní 2024. Bí fóònù yín kò bá gbà á, Open Camera wà fún Android, ọ̀fẹ́ lòun náà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìran kọ̀ọ̀kan, ẹ di nǹkan márùn-ún mú: iye fíréèmù (iye àwòrán tó ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣọ́tà (bí ìgbà tí fíréèmù kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀ ṣe gùn tó), ISO (bí irinṣẹ́ náà ṣe ń sọ ìmọ́lẹ̀ tó gbà di púpọ̀ tó), àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, àti fókọ́sì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ títí wọ́n fi dé ìdí ẹ́díìtì. Fóònù kì í ya iye fíréèmù kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó lè ya 30 nísinsìnyí, kó ya 28 lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá fi nǹkan mìíràn gba ohùn, ẹnu òṣèré àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára wọn bí àwòrán bá ṣe ń gùn sí i. Ẹ lo HandBrake, sọ́fútíwià ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, láti sọ gbogbo rẹ̀ di iye kan ṣoṣo kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ẹ́díìtì. Àwọn tó kù kéré: ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ìpè má baà já ìran, ẹ má fi fóònù sínú oòrùn láàárín ìran kan sí èkejì nítorí yóò gbóná yóò sì pa ara rẹ̀, ẹ má sì fi ìka fa àwòrán súnmọ́, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi súnmọ́ ọn.

Kámẹ́rà ńkọ́? Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lágbára rẹ̀ jù ni tòkunbọ̀, Canon 600D, 700D, 70D tàbí 80D, tàbí Nikon tó bá wọn dọ́gba. Wọ́n ti pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ju ti fóònù lọ, ẹ sì lè pààrọ̀ lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì 50mm f/1.8 ti Canon jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí owó rẹ̀ kéré jù, síbẹ̀ ó ń jẹ́ kí ojú òṣèré yọ dáadáa kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ kíyè sí nǹkan kan: lórí àwọn kámẹ́rà tí mo dárúkọ yìí, 50mm máa ń rí bí 80mm, ìyẹn ni pé ó súnmọ́ jù. Nínú yàrá ọ̀kan ilé onígbọ̀ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn oníkámẹ́rà á ti kan ògiri, òṣèré kò sì ní tíì wọ inú àwòrán tán. Lẹ́ńsì 18–55mm tó máa ń bá kámẹ́rà wá ni ẹ ó lò nínú ilé. Ẹ fi 50mm pamọ́ fún ojú àti fún ìta.

Láàárín àwọn mẹ́rin yìí, ẹ wo ti fókọ́sì kí ẹ tó sanwó. 600D kò lè tẹ̀lé ẹni tó ń rìn bí ó bá ń ya fídíò, ọwọ́ ni ẹ ó máa fi yí i. 70D àti 80D lè tẹ̀lé e fúnra wọn. Bí kò bá sí ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ yí fókọ́sì nínú ẹgbẹ́ yín, owó tí ẹ ó fi kún un fún 70D tọ́.

Ọ̀rọ̀ kíkọ́ ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín fóònù àti kámẹ́rà. Ẹni tó ní làákàyè lè mọ áàpù fóònù dáadáa láàárín ìrọ̀lẹ́ méjì. Kámẹ́rà gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ISO ń ṣe, ohun tí fífẹ̀ ojú lẹ́ńsì ń ṣe, ohun tí ṣọ́tà ń ṣe, àti bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń fa ara wọn. Ẹ fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa ya ara yín lójoojúmọ́, nínú ilé, níta, lálẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ tan kámẹ́rà náà.

Ìdájọ́ mi nìyí. Bí ìtàn yín bá wà ní ojú ọjọ́, ní ọjà, lójú títì, tí kò sì sí ẹni tó ti di kámẹ́rà mú rí láàárín yín, fóònù ni. Bí ìtàn náà bá wà nínú ilé, lálẹ́, tó jẹ́ pé ojú òṣèré ni ó máa gbé e, tí ẹnìkan nínú yín sì ti mọ kámẹ́rà, ẹ lọ fún kámẹ́rà. Ẹ má ṣe pa méjèèjì pọ̀ nínú ìran kan, nítorí àwọ̀ wọn kò ní bá ara mu, ìyà rẹ̀ ẹni tó máa ṣe ẹ́díìtì ni yóò jẹ ẹ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ wá tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé. Bí ó bá fúyẹ́ jù, ẹ so àpò tí òkúta wà nínú rẹ̀ mọ́ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà mì ín.

Iná NẸ́PÀ àti iye fíréèmù

Èyí kúrú, ṣùgbọ́n ó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Ọ̀pọ̀ fóònù sì ti wà lórí fíréèmù 30 láti ilé iṣẹ́ wá, tí ṣọ́tà rẹ̀ ń sáré bó ṣe wù ú. Bí ẹ bá fi bẹ́ẹ̀ yàwòrán lábẹ́ gílóòbù tàbí iná gígùn, ẹ ó rí ìlà dúdú tó ń rìn gba inú àwòrán kọjá, tàbí kí gbogbo ògiri máa ṣẹ́jú. Kò sí ẹ́díìtì tó rọrùn tó lè yọ ọ́ kúrò.

Ẹ gbé e sí fíréèmù 25, kí ṣọ́tà wà ní 1/50. Lórí iPhone, ẹ ó kọ́kọ́ lọ tan PAL nínú sẹ́tíǹgì kámẹ́rà kí 25 tó yọjú. Bí fóònù yín kò bá ní 25 rárá, 30 pẹ̀lú ṣọ́tà 1/50 tàbí 1/100 yóò gbà yín. Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń gbé iná, ẹ tún un wò, nítorí eré rẹ̀ kì í dúró sójú kan, iye ìgbà tí iná náà ń lọ tó ń bọ̀ sì ń yí pẹ̀lú rẹ̀.

Ohùn

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ohùn ni pé Yorùbá ni ẹ fẹ́ fi ṣe fíìmù yìí. Èdè olóhùn ni. Bí ariwo bá bo ọ̀rọ̀ òṣèré mọ́lẹ̀, kì í ṣe pé ó rọlẹ̀ nìkan ni, ó lè di ọ̀rọ̀ mìíràn létí ẹni tó ń gbọ́. Òwe wa pàápàá, ìdajì la sábà máa ń pa, tí a ó fi ìyókù sílẹ̀ fún olùgbọ́. Bí ìdajì tí a pa kò bá já gaara, ìran náà ti lọ. Òǹwòran lè fara da àwòrán tí kò mọ́ tó. Àwọn fíìmù àgbéléwò tí wọ́n ṣe sórí fídíò VHS ní àwọn ọdún 1990, àwòrán wọn kò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fóònù òde òní, síbẹ̀ a wò wọ́n títí a fi mọ ọ̀rọ̀ inú wọn sórí. Fíìmù tí a kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń wò ó parí.

Ohun tó wà lọ́jà nìyí, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn:

| Irinṣẹ́ | Ibi tó ti wúlò jù | Ibi tó kù sí |
|---|---|---|
| Máìkì inú fóònù tàbí kámẹ́rà | Fún ẹ̀dà tí a ó fi wá ibi tí ohùn gidi ti bá ẹnu mu | Ó ń gba gbogbo ariwo. Bí òṣèré bá jìnnà díẹ̀, ó tán |
| Máìkì àyà onífọ́nrán, irú Boya BY-M1 | Ìjíròrò ìjókòó, ẹni kan tàbí méjì | Okùn gbọ́dọ̀ fara pamọ́. Aṣọ ń ha á |
| Máìkì àyà aláìnífọ́nrán | Ìran ìrìn, ọjà, ojú títì | Bátìrì. Ìgbì rẹ̀ lè já. Èyí tó pọ́ọ́kú ń fún ohùn pọ̀ |
| Máìkì gígùn lórí ọ̀pá, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ Zoom H1n | Ènìyàn mẹ́ta sókè nínú ìran kan. Aṣọ tó ń dún | Ó gba ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n dì. Yàrá òfìfo ń dún padà |

Bí owó yín kò bá ju ti ẹyọ kan lọ, ẹ ra máìkì àyà onífọ́nrán. Ti Boya BY-M1 ní okùn mítà 6, ó ń lo bátìrì róbótó LR44 kan, ó sì ní ibi tí ẹ ó ti yàn bóyá fóònù ni ẹ fẹ́ so ó mọ́ tàbí kámẹ́rà. Fóònù tí kò ní ihò gbohùngbohùn etí (headphone) yóò nílò ohun ìsopọ̀ kékeré, ẹ dán an wò kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀.

Ọgbọ́n kan wà tó ń sọ máìkì onífọ́nrán di aláìnífọ́nrán láìná owó kún un. Ẹ ki máìkì náà bọ fóònù kejì, ẹ tan áàpù tó ń gba ohùn, ẹ fi fóònù náà sínú àpò òṣèré tàbí sínú ìró rẹ̀. Bí òṣèré bá jẹ́ méjì, fóònù méjì, máìkì méjì. Ohùn tó máa wá níbẹ̀ á mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ máìkì aláìnífọ́nrán tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lọ, nítorí kò gba inú afẹ́fẹ́ kọjá rárá. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni àtẹ́wọ́: bí gbogbo nǹkan bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnìkan dúró níwájú kámẹ́rà, kó dárúkọ ìran, kó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan gbọ̀ọ̀gbọ̀ọ̀. Ibi tí ọwọ́ méjì ti pàdé nínú àwòrán àti ibi tí ìró rẹ̀ ti ta nínú ohùn, ibẹ̀ ni ẹ ó ti so wọ́n pọ̀.

Bí owó bá tó fún aláìnífọ́nrán, àwọn bíi DJI Mic àti Rode Wireless GO II máa ń tọ́jú ẹ̀dà ohùn sínú ara wọn, tó fi jẹ́ pé bí ìgbì bá já, ọ̀rọ̀ kò sọnù. Èyí tó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń ki bọ ìdí fóònù kò ní irú rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ń ṣe fídíò kékeré sórí ayélujára. Fún iṣẹ́ tí wọ́n máa fún yín ní máàkì lé lórí, èmi kò ní fọkàn tán an.

Aṣọ ilẹ̀ wa ní wàhálà tirẹ̀. Aṣọ òkè àti léèsì tó le máa ń ha máìkì, àǹkárá tuntun tí sítáàṣì rẹ̀ kò tíì kúrò náà ń dún, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn á sì máa kàn án kọ́kọ́kọ́ ní gbogbo ìgbà tí ìyá ìyàwó bá yí ọrùn. Ẹ ra páláásítà tó rí bí ìwé ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ẹ fi lẹ máìkì mọ́ inú aṣọ, kí aṣọ má baà máa rìn lórí rẹ̀. Bí ìran náà bá jẹ́ ti ayẹyẹ, tí gbogbo ènìyàn wọ aṣọ ńlá, ẹ fi máìkì àyà sílẹ̀, ẹ lo èyí tó wà lórí ọ̀pá, kó súnmọ́ orí òṣèré bó bá ti lè súnmọ́ tó láìwọ inú àwòrán. Nínú yàrá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ẹ ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ògiri tí kámẹ́rà kò rí, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ á yà yín lẹ́nu.

Ẹ gba ohùn ní WAV, 48 kHz. Bí irinṣẹ́ yín bá gbà, 24 bit. Kí ibi tó ga jù nínú ọ̀rọ̀ òṣèré wà ní nǹkan bíi -12 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn, kó má sì kan 0 láé, nítorí ohùn tó ti fọ́ kò ṣeé lẹ̀ mọ́. Kí ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ohùn lọ, tí gbohùngbohùn etí rẹ̀ kò sì kúrò létí. Ẹni yìí gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti sọ pé ká tún un ṣe, kódà bí olùdarí bá ti ń rẹ́rìn-ín pé ìran náà dùn. Lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀. Òun ni ẹ ó fi dí àlàfo nígbà ẹ́díìtì.

Ẹ pa fáànù, ẹ yọ fíríìjì lẹ́nu iná. Ẹ bi aládùúgbò ní àkókò tó ń tan jẹnẹrétọ̀, ẹ mọ àkókò ìrun ní mọ́ṣáláṣí tó súnmọ́ ibẹ̀ àti ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe ìṣọ́ òru. Bẹ̀ẹ́ni, èyí náà wà lára kíkọ́ iṣẹ́ fíìmù. Àwọn kan ń rò pé àwọn á padà wá gba ohùn sílé lẹ́yìn iṣẹ́, kí àwọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu òṣèré. Òṣèré tí kò tíì mọ iṣẹ́ kì í lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní ìwọ̀n kan, ojú rẹ̀ á sì hàn bí irọ́.

Oòrùn àti iná LED

Oòrùn kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì lágbára ju iná èyíkéyìí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rà. Wàhálà rẹ̀ ni pé ní ilẹ̀ wa, orí ló máa ń dúró sí lọ́sàn-án. Ihò ojú òṣèré á dúdú, iwájú orí rẹ̀ á máa dán. Ẹ ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ títí di nǹkan bí agogo mẹ́wàá, kí ẹ sì padà bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tó rí bí wúrà yẹn kì í dúró pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bí oòrùn bá ti wọ̀ láàárín agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, kì í tó ìdajì wákàtí tí ilẹ̀ fi ń ṣú, nítorí náà kí òṣèré ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí wákàtí náà tó dé. Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn: nígbà ọyẹ́, eruku ojú sánmà máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀, ojú ènìyàn á dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ẹ bo lẹ́ńsì. Nígbà òjò, ìkùukùu náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lórí páànù, ohùn ti parí fún ọjọ́ náà.

Àwọ̀ wa yẹ fún àfiyèsí tirẹ̀. Bí ẹ bá fi fóònù tàbí kámẹ́rà sílẹ̀ kó fúnra rẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀, tí òṣèré aláwọ̀ dúdú sì dúró níwájú ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, ògiri ló máa wọ̀n, ojú òṣèré á di òjìji. Ẹ fi ìka tẹ ojú òṣèré lórí fóònù, kí ẹ dì í mú síbẹ̀. Lórí kámẹ́rà, ojú ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ gbé òṣèré kúrò níwájú ògiri funfun lọ síbi tó ní àwọ̀. Àwọ̀ dúdú máa ń dára gan-an bí ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ tó sì rọ̀ bá ń tàn lé e láti ẹ̀gbẹ́, nítorí dídán rẹ̀ ló ń jẹ́ ká rí bí ojú ṣe rí. Fóòmù funfun tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnìkan dì mú ní ẹ̀gbẹ́ òṣèré, yóò da oòrùn padà sí ibi tó ṣókùnkùn. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ níbí, òun ló kéré jù lówó, òun sì ni mo fẹ́ràn jù.

Iná LED ni fún inú ilé àti alẹ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ CRI (òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an) 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, tó ń lo bátìrì, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣeé yí láti 3200K, tó pọ́n bíi ti gílóòbù àtijọ́, dé 5600K, tó funfun bíi ti ọ̀sán. Iná tí à ń ṣáàjì sílẹ̀ fún ìgbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ kò tó: ó máa ń sọ awọ ara di àwọ̀ ewé, òmíràn sì ń ṣẹ́jú. Ẹ má gbé iná náà sórí kámẹ́rà. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ẹ kọjú rẹ̀ sí aṣọ funfun kó padà wá bá òṣèré. Ẹyọ kan tó dára sàn ju mẹ́ta tí kò dára lọ.

Ẹ́díìtì

CapCut ti ilé iṣẹ́ ByteDance ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀. Ó yá láti kọ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, kò sì bèèrè kọ̀ǹpútà. Fún fíìmù tí ohùn rẹ̀ wá láti orí fóònù méjì, tí ìran rẹ̀ pọ̀, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín lórí ojú kékeré yẹn, àwọn nǹkan kan nínú rẹ̀ sì ti di ti olówó. Ẹ yọ àmì rẹ̀ tó máa ń wà ní ìparí. KineMaster tó jẹ́ ọ̀fẹ́ máa ń fi àmì sórí gbogbo àwòrán, nítorí náà mo yọ ọ́ kúrò.

DaVinci Resolve ti Blackmagic Design ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ bí ẹ bá lágbára rẹ̀. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìtọ́wò. Gbogbo ohun tí fíìmù yín nílò ló wà nínú rẹ̀: gígé, àwọ̀, ohùn. Ẹ̀dà Studio tí wọ́n ń tà ní dọ́là 295 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wà, ẹ kò nílò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà tún fi àwọn ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àwòrán tí ẹ ó fi ṣe ìdánrawò. Ìṣòro rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ RAM 16GB àti káàdì àwòrán tó lágbára; lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká 4GB, yóò dì gbagidi.

Kdenlive wà fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní àmì, ó sì lè ṣe ẹ̀dà kékeré fún àwòrán yín kí ẹ lè máa gé e láìdúró, kó wá fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀ níparí. Ẹ máa tọ́jú iṣẹ́ yín lóòrèkóòrè nítorí ó lè pa dé lójijì. Ní ti Adobe Premiere Pro, owó oṣooṣù ni, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ka owó rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pín kiri nínú ọgbà iléèwé lè gbé fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà tí gbogbo iṣẹ́ yín wà lórí rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Fóònù nìkan lẹ ní, CapCut. RAM 8GB, Kdenlive. RAM 16GB àti káàdì àwòrán, Resolve.

Ẹ dán nǹkan kan wò kí ẹ tó yan: ẹ kọ àkòrí fíìmù yín síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà (fọ́ǹtì) tó lẹ́wà lójú ni kò mọ ẹ́ àti ọ̀. Àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó síbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Noto Sans, Gentium àti Charis SIL mọ̀ wọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fíìmù Yorùbá tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ láìní àmì ń dùn mí, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe é.

Ríra tàbí yíyá, àti ibi ìpamọ́

Ẹ ra ohun kékeré tí ẹ ó máa fi kọ́ṣẹ́ lójoojúmọ́: máìkì àyà, tripod, mẹ́mọ́rì káàdì. Ẹ yá ohun ńlá tí ọjọ́ méjì péré ni ẹ ó fi lò ó: kámẹ́rà, LED, máìkì gígùn. Ẹni tó ń yá ènìyàn ní nǹkan á béèrè onídùúró, nítorí náà ẹ ti bá ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́ kan sọ ọ́ ṣáájú. Kí ẹ tó gbé e kúrò, ẹ ya fídíò gbogbo ara rẹ̀ níwájú ẹni tó ni ín, títí kan ojú lẹ́ńsì.

Mẹ́mọ́rì káàdì ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á kọ 128GB sí i lára, kó má gbà ju 8 lọ, ẹ kò sì ní mọ̀ títí àwòrán yóò fi sọnù. H2testw, sọ́fútíwià ọ̀fẹ́ fún Windows, máa ń dán an wò títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe é kí ẹ tó san owó tán, tàbí kí ẹ bá olùtajà ṣàdéhùn ìdápadà.

Ẹ yà á ní 1080p, ẹ fi 4K sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Apple ṣe kọ ọ́ sínú sẹ́tíǹgì iPhone, bó bá wà lórí High Efficiency, ìṣẹ́jú kan ní 1080p lórí fíréèmù 30 jẹ́ nǹkan bíi 60MB, ti 4K jẹ́ 170MB. Bí gbogbo ohun tí ẹ yà bá jẹ́ wákàtí méjì, ti àkọ́kọ́ kò ju 7.2GB lọ, ti èkejì á lé ní 20GB. Google Drive ọ̀fẹ́ jẹ́ 15GB. Ọ̀kan wọ̀ ọ́, èkejì kò wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fídíò, nítorí bí fídíò ni yóò fún un pọ̀ tí yóò sì bà á jẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ wà níbi méjì kí ẹ tó sùn: ọ̀kan lórí hard disk lọ́wọ́ ẹni tó máa ṣe ẹ́díìtì, ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí kò sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má nu káàdì nù títí ẹni méjèèjì yóò fi ṣí àwòrán náà, tí wọ́n á sì fi gbohùngbohùn etí gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.